Bí a ṣe ń ya gáàsì kúrò lára omi nínú fuel cell kékeré

Ẹni tó bá ti fi fuel cell onímethanol kékeré (ẹ̀rọ tó ń sọ methanol, irú ọtí olóró kan tí a fi ṣe epo, di iná mànàmáná láìdáná sí i) tan iná rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, fóltéèjì á dúró ṣinṣin. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, fóltéèjì á já wálẹ̀, á gbéra, á tún já. Tí ẹ bá fetí sí pọ́ǹpù, ẹ ó gbọ́ pé ó ń yí lásán ni, kò rí omi fà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé awọ àárín sẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́, tàbí pé epo ti tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gáàsì ló dí ọ̀nà.

Ibi tí gáàsì náà ti wá rèé. Methanol tí a pò mọ́ omi ni a fi ń bọ́ ánóòdù, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí epo ń wọ̀. Níbẹ̀, ẹyọ methanol kan àti ẹyọ omi kan á tú palẹ̀, wọn á di carbon dioxide kan, proton mẹ́fà àti electron mẹ́fà (ègé wínníwínní tó ru iná). Electron á gba wáyà lọ ṣe iṣẹ́ iná, proton á gba inú awọ àárín sẹ́ẹ̀lì kọjá sí kátóòdù, ẹ̀gbẹ́ kejì tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Carbon dioxide nìkan ni kò níbi tí yóò gbà. Yóò kọ́kọ́ yòrò sínú omi. Tí omi bá ti gbà á dé ibi tó lè gbà á dé, á yọ síta bí ìfófó, á sì máa dúró sójú poro tí epo ń gbà. Ó sì pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lérò lọ. Lítà kan omi tí methanol inú rẹ̀ jẹ́ mole kan (mole ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye ẹyọ èròjà), tí sẹ́ẹ̀lì bá lo gbogbo methanol náà, yóò bí gáàsì tó tó lítà 24 ní ìwọ̀n ooru 25°C.

Nínú ẹ̀rọ ńlá, agolo kan péré ti tó: gáàsì á gòkè, omi á wà nísàlẹ̀, a ó la ihò sí òkè, a ó la òmíràn sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kò gba irú ẹ̀ fún ìdí méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lè dojú rẹ̀ bolẹ̀ nígbàkígbà, òkè á di ìsàlẹ̀. Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú ọ̀nà tó fẹjú kéré sí nǹkan bí mílímítà 2.7, bí ojú omi ṣe ń di ara rẹ̀ mú lágbára ju òòfà ilẹ̀ lọ. Ìfófó tó bá wọ inú poro mílímítà kan kò ní gòkè kankan; yóò jókòó síbi tó wà bí èdídí ìgò ni, bí ẹ tilẹ̀ gbé e dúró lóòró.

Nítorí náà, ẹ gbàgbé òkè àti ilẹ̀. Ìwà ògiri tí omi fara kàn ni kí ẹ gbára lé. Ògiri kan wà tó ń kọ omi, bí ewé kókò ṣe ń kọ ọ́. Òmíràn wà tó ń mu omi bí òwú. Èyí tó kọ omi á fún gáàsì láyè láti kọjá, èyí tó mu omi á gba omi kọjá, á sì sé gáàsì mọ́. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo máa pe ti àkọ́kọ́ ní awọ akọmi, màá sì pe ìkejì ní awọ amumi. Ẹ̀rọ kékeré tí a ó fi wọ́n kọ́, tó ń ya gáàsì kúrò lára omi, ni mo ń pè ní ohun ìyagáàsì. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ Gemini 5 gbé fuel cell lọ sójú òfúrufú ní ọdún 1965, níbi tí kò sí òkè tí kò sí ilẹ̀, òwú ni wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì.

Kí ẹ tó ṣí ìgò methanol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Májèlé ni. Díẹ̀ tó bá wọnú ara lè fọ́ èèyàn lójú, ó sì lè pa á, kò sì dìgbà tí èèyàn bá mu ún. Ó ń gba awọ ara wọlé pẹ̀lú. Láti ìwọ̀n ooru bí 11°C ni afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ ti lè gbiná, iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán. Ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jáde síta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi gíláàsì bo ojú, kí ohun tó ń ṣẹ́ná má sì sí nítòsí. Àpòpọ̀ tí mo ń sọ jálẹ̀ ni èyí tí methanol inú rẹ̀ jẹ́ mole kan nínú lítà kan, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò gáàsì yín

Ampere kan tó bá gba inú sẹ́ẹ̀lì kan kọjá máa ń bí gáàsì mililita 2.5 ní ìṣẹ́jú kan, ní 25°C. Ẹ lè ṣe ìṣirò náà fúnra yín: ẹ fi 6 (iye electron tí ẹyọ methanol kan ń tú sílẹ̀) lọ́nà 96,485 (iye iná tí mole electron kan ń gbé) pín ampere, ẹ ó rí iye mole tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di ti ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi lítà 24.5 fún mole kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di gáàsì.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣìnà ni sẹ́ẹ̀lì tí a so tẹ̀ léra. Ampere kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bí gáàsì tirẹ̀. Ká ní sẹ́ẹ̀lì 4 lẹ so pọ̀, tí ampere 0.5 ń gba inú wọn. Gáàsì yín jẹ́ 4 × 0.5 × 2.5, ìyẹn mililita 5 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 60°C, gáàsì náà á wú, omi àti methanol tó ti di afẹ́fẹ́ á sì dara pọ̀ mọ́ ọn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.5. Mo máa ń kọ́ ohun ìyagáàsì fún ìlọ́po méjì iye yìí, ká pè é ní mililita 15, torí pé ìfófó kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní tò sórí ìlà. Ó máa ń dákẹ́, á tún rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún wo omi náà. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin yìí kò nílò ju mililita 0.2 àpòpọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan kí methanol inú rẹ̀ tó wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún un ní ìwọ̀n tó gún régé bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ìlọ́po márùn-ún, mililita 1. Èyí túmọ̀ sí pé nínú rọ́bà tó ń jáde láti ánóòdù, gáàsì ni ìpín méje, omi ni ìpín kan. Gáàsì tó ń gbé omi díẹ̀ dání lẹ fẹ́ yà. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní fi awọ bíńtín ṣe iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan awọ

Awọ akọmi tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni PTFE, irú èròjà tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páànù kí nǹkan má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n fà títí tó fi ní ihò wínníwínní. Ihò tó wà láàárín 0.2 sí 0.5 µm ni kí ẹ wá (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Ẹ mú èyí tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ àwọ̀n polypropylene lẹ́yìn. Èyí tí kò ní àwọ̀n máa ń fà bí ọ̀rá, kò sì rọrùn láti dì mọ́ra.

Kí ló dé tí omi kò fi lè gba ihò náà kọjá? Ìfúnpá tí omi nílò kó tó lè fipá wọ ihò jẹ́ mẹ́rin lọ́nà agbára ojú omi (bí ojú omi ṣe ń di ara rẹ̀ mú tó), lọ́nà cosine igun tí omi fi fara kan awọ, ká fi fífẹ̀ ihò pín in. Fún omi lásán, agbára ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.072 N/m, igun rẹ̀ lórí PTFE sì jẹ́ nǹkan bí 112 degree. Ihò 0.2 µm á fún yín ní nǹkan bí 540 kPa (kPa ni òṣùwọ̀n ìfúnpá). Ihò 1 µm kò ní ju 108 kPa lọ. Lójú ayé, iye náà máa ń kéré sí èyí, torí pé ihò tó fẹ̀ jù lára awọ náà ni omi ń kọ́kọ́ gbà.

Ẹ má jẹ́ kí iye ńlá yìí tàn yín jẹ. Ti omi lásán ni. Agbára ojú methanol kò ju nǹkan bí 0.0225 N/m lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti omi, tí ẹ bá sì ti dà á mọ́ omi, ojú omi náà á rọ̀. Bí methanol ṣe ń pọ̀ sí i ni igun yẹn ń dín kù. Nígbà tó bá lọ sísàlẹ̀ 90 degree, awọ tó ń kọ omi tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ẹ kán methanol tí a kò fi omi là sórí awọ PTFE, ẹ ó rí i tó rọra wọlé, ojú ibẹ̀ á sì yí láti funfun sí èyí tí a lè rí òdìkejì rẹ̀. Kí ẹ tó gé awọ, ẹ kán àpòpọ̀ tiyín gan-an sórí ègé kékeré kan, kó gbóná dé ibi tí ẹ̀rọ yín máa ń gbóná dé, ẹ bò ó kó má gbẹ, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Tí ó bá ṣì dúró róbótó, awọ náà dára fún yín. Tó bá ti tẹ́, ẹ la methanol náà sí i, tàbí kí ẹ wá irú awọ tí wọ́n ti kùn ní èròjà tó ń kọ òróró pẹ̀lú.

Awọ amumi kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe é láìsí i. Nylon tàbí PES (irú ike kan) oníhò 0.45 µm ni mo máa ń fi sẹ́nu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Nígbà tó bá ti rin, omi inú ihò rẹ̀ ló ń sé gáàsì mọ́ ẹ̀yìn, kò ní jẹ́ kí ìfófó kankan tẹ̀ lé omi padà sínú pọ́ǹpù. Tó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ rẹ̀ parí, gáàsì á kọjá fàlàlà. Torí náà ẹ rin ín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ láàárín ìgbà tí ẹ pa ẹ̀rọ àti ìgbà tí ẹ tún tàn án.

Ẹ má fọwọ́ lásán kan awọ méjèèjì. Òróró ìka ọwọ́ ti tó láti ba awọ akọmi jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbẹ́ poro

Iṣẹ́ ń bẹ níbí ju gbogbo ibi yòókù lọ, torí pé afẹ́fẹ́ tí awọ PTFE gbígbẹ lè gbà kọjá sábà máa ń ju ohun tí ẹ nílò lọ fíìfíì. Ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró kì í ṣe ihò awọ. Ìfófó tí kò fara kan awọ ni. Ìfófó tó bá wà láàárín omi, tí omi yí i ká, á gba iwájú awọ kọjá bí ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ jẹ́ kí poro náà má jìn, kí ìfófó má ríbi dúró láìfara kan òrùlé. Jíjìn mílímítà 0.3 sí 0.5 ló dára. Ìfófó tó bá wọlé á tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ilẹ̀ poro àti awọ tó wà lókè rẹ̀, kò ní ọ̀nà àbáyọ mìíràn. Fífẹ̀ mílímítà 1 sí 1.5 ti tó. Tí ẹ bá jẹ́ kó fẹ̀ jù, awọ á tẹ̀ wálẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ poro. Omi á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ nígbà tí ìfófó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí poro náà máa lọ máa bọ̀ lórí ike bí ìlà tí wọ́n ro lóko, kí ebè mílímítà 0.5 wà láàárín lílọ àti bíbọ̀ láti gbé awọ ró. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí jìn ní mílímítà 0.4, ó fẹ̀ ní 1.5, ó gùn ní 160. Ojú awọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.4 níbùú lóòró, ó sì ń gbé mililita 15 gáàsì yẹn láìjanpata.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ poro máa mu omi. Nígbà tí òrùlé bá kọ omi tí ilẹ̀ sì ń mu ún, omi fúnra rẹ̀ á sá lọ sí ilẹ̀ àti sí kọ̀rọ̀, á ti ìfófó lọ bá awọ. Ẹ̀rọ náà á máa ya gáàsì bí ẹ bá tilẹ̀ dorí rẹ̀ kodò, torí pé òrùlé tí mò ń sọ kì í ṣe òkè, ibi tí awọ wà ni. Àwọn kan máa ń fi plasma oxygen (gáàsì oxygen tí a fi iná mànàmáná ta jí) tọ́jú ike kó lè máa mu omi. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ike, agbára rẹ̀ máa ń relé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí a gé ègé awọ amumi tín-ín-rín, ká tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ poro, ká sì gbẹ́ poro náà jìn díẹ̀ sí i láti gbà á. Ó máa ń pẹ́.

Ní ti ohun tí ẹ ó gbẹ́ poro sí: polypropylene tàbí PEEK, irú ike méjì. Acrylic rọrùn láti gbẹ́, a sì ń rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n methanol máa ń jẹ́ kó sán wẹ́wẹ́. Ẹ lò ó fún ìdánwò omi lásán nìkan. Alumíníọ́mù kò yẹ rárá. Ó ń jẹrà, ohun tó bá sì yòrò kúrò lára irin á bá omi padà lọ bá awọ àárín sẹ́ẹ̀lì, á jókòó sí àyè tí proton ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dì í pọ̀

Ẹ fọ gbogbo ẹ̀yà pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ ṣan án, ẹ tún un ṣan pẹ̀lú omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò títí tí kò fi ní sí ọṣẹ níbẹ̀ mọ́. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo dì ọ̀kan pọ̀ lẹ́yìn tí mo gbẹ́ ẹ tán, mo nu ún pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ nìkan. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ẹ̀yìn awọ. Nígbà tí mo tú u, awọ náà ní àmì tó tẹ̀ lé ìlà poro látòkè délẹ̀, gbogbo ibi tí òróró tí a fi ń gbẹ́ ike ti ṣẹ́kù sí. Mo ti pààrọ̀ awọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé ike ni kò mọ́. Ọṣẹ náà kò yàtọ̀ sí òróró: díẹ̀ nínú rẹ̀ tó bá ṣẹ́kù á rọ ojú omi, omi á sì wọ inú ihò.

Ẹ tò ó báyìí: ike oníporo, gáskẹ́ẹ̀tì EPDM (irú rọ́bà kan) tín-ín-rín, awọ akọmi tí ojú rẹ̀ kọ sí poro tí àwọ̀n rẹ̀ sì kọ sí ìta, lẹ́yìn náà pátákó ike tí ẹ ti lu ihò mílímítà 1 sí káàkiri, kí awọ má baà wú síta. Ẹ mú bóòtù le ní ìkọsẹ̀ra, igun kan àti igun tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Tí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti ń yọ sínú poro, ẹ ti mú un le jù.

Ẹ ò lè fi afẹ́fẹ́ wá ibi tó ń jò, torí pé ìwà awọ náà ni kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Omi aláwọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ kùn omi pẹ̀lú aró tí kò ní ọṣẹ nínú, ẹ tì í wọlé dé 20 kPa, ẹ fi bébà funfun wé etí rẹ̀ yíká, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí. Ibi tí bébà bá ti yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ló ń jò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣètò ìfúnpá

Gáàsì kì í gba inú awọ jáde tí ìfúnpá inú kò bá ju ti ìta lọ. Kò nílò púpọ̀: 2 sí 5 kPa ti tó. Tí ẹ kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ìfúnpá, omi inú rọ́bà tó dúró lóòró lè ṣe é, sẹ̀ǹtímítà 10 omi jẹ́ nǹkan bí 1 kPa. Ọ̀nà tí a fi ń dá ìfúnpá yìí sílẹ̀ ni pé kí ọ̀nà omi lẹ́yìn ohun ìyagáàsì há díẹ̀. Rọ́bà tóóró tó gùn díẹ̀ ti tó, tí awọ amumi bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà á bá yín ṣe nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á fi pọ́ǹpù sí ẹ̀yìn ohun ìyagáàsì, kó máa fa omi láti inú rẹ̀. Ìfúnpá inú á wá kéré sí ti ìta, awọ akọmi tó yẹ kó máa tú gáàsì síta á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, ìfófó á sì máa pọ̀ sí i. Bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí: pọ́ǹpù, sẹ́ẹ̀lì, ohun ìyagáàsì, rọ́bà tóóró, àpò omi rírọ̀, kó tó padà sí pọ́ǹpù. Mo sọ pé àpò rírọ̀, kì í ṣe agolo líle. Àpò máa ń sún mọ́ra bí omi ṣe ń dín kù, kò ní àyè fún afẹ́fẹ́ nínú, bí ẹ bá sì ṣe gbé e kò já mọ́ nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ẹ tó so ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì

Ẹ wá ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ẹ ti afẹ́fẹ́ wọlé láti ẹnu kan ní mililita 15 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ti omi láti ẹnu kejì ní mililita 1, kí àdàpọ̀ wọn wọ inú ohun ìyagáàsì. Sìríǹjì méjì tí ẹ̀rọ ń tì ló dára jù fún èyí. Ẹ máa wo rọ́bà tí omi ń gbà jáde: ìfófó kan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ gbé bébà gbígbẹ sẹ́nu ibi tí gáàsì ń gbà jáde: kò gbọdọ̀ rin.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i. Ó ní ojú mẹ́fà bí àpótí. Ẹ gbé e lé ojú kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá kùnà lórí ojú kan péré, poro yín ti jìn jù tàbí ilẹ̀ rẹ̀ kò mu omi tó. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àpòpọ̀ methanol, ní ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ yóò máa wà, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Èmi kò gba awọ kankan gbọ́ tí kò bá la òru kan kọjá. Tí ẹ bá wá so ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ fẹ́ mọ iye gáàsì tó ń jáde, ẹ má fi ìgò tí ẹ dojú rẹ̀ dé inú omi gbà á. Carbon dioxide á yòrò sínú omi náà, iye tí ẹ rí á kéré. Ìfófó ọṣẹ tó ń gun inú ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n sàmì sí lára ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ooru ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Awọ tó jẹ́ kí gáàsì kọjá á jẹ́ kí methanol tó ti di afẹ́fẹ́ kọjá pẹ̀lú. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni epo tí ẹ ń pàdánù ṣe máa pọ̀ tó. Èyí ló fà á tí a fi ń fẹ́ kí omi tutù díẹ̀ kó tó dé ohun ìyagáàsì. Ẹ jẹ́ kó gba inú rọ́bà tàbí páìpù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kó sọ̀ kalẹ̀ láti 60°C sí nǹkan bí 40°C.

Ṣùgbọ́n omi tútù máa ń gba carbon dioxide púpọ̀ sínú ju omi gbígbóná lọ. Ní 25°C, lítà kan omi lè gba nǹkan bí giraamu 1.5, ní 60°C, kò ju nǹkan bí 0.6 lọ. Ohun tó yòrò yìí kò ṣeé yà pẹ̀lú awọ akọmi lásán, yóò bá omi padà. Tó bá tún gbóná nínú sẹ́ẹ̀lì, á yọ. Ìyẹn kò burú, sẹ́ẹ̀lì ti ń retí ìfófó tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú ni kó yọ nínú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tó bá fi agbára fa omi gba inú rọ́bà tóóró á dín ìfúnpá kù, gáàsì á tú jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà tó wà láàárín àpò omi àti pọ́ǹpù kúrú, kó sì fẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ìta awọ náà pẹ̀lú. Gáàsì tó ń jáde ru omi dání. Tí ìta bá tutù, omi á sẹ̀ sí ẹ̀yìn awọ, á sì bo ihò rẹ̀. Tí ohun ìyagáàsì yín bá ń lọ́ra láìsí pé awọ rin nínú, ẹ tú pátákó ẹ̀yìn kí ẹ wò ó. Ẹ darí gáàsì náà síta gbangba, ẹ má ṣe sé e mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ.

Tí awọ bá ti rin

Ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú: ibi tó rin kì í funfun mọ́. Tó bá jẹ́ pé ìfúnpá ló gbéra lójijì, ẹ tú u, ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá nínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi tí kò sí iná, kí ẹ tún kán omi sí i. Tí omi bá dúró róbótó, ó ti sàn. Tí omi bá tẹ́, òróró tàbí ọṣẹ wà lára rẹ̀. Ẹ ju ìyẹn nù, kí ẹ wá ibi tí ìdọ̀tí ti ń wá kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Ẹ̀gbẹ́ kátóòdù

Ibẹ̀ yí padà: afẹ́fẹ́ ló pọ̀, omi ló kéré, omi náà la sì fẹ́ gbà padà láti fi la methanol. Ampere kan nínú sẹ́ẹ̀lì kan ń dá omi tó jẹ́ giraamu 0.34 ní wákàtí kan, yàtọ̀ sí èyí tó ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì wá láti ánóòdù. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tutù kí omi lè sẹ̀, kí ẹ tẹ́ awọ amumi sí ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ fi ìfà díẹ̀ sí ẹ̀yìn awọ náà. Ìfà náà gbọ́dọ̀ kéré sí ìfúnpá tí gáàsì fi ń fipá gba ihò rírin kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ ni ẹ ó máa fà.

Tó bá jẹ́ pé hydrogen lẹ ń fi sodium borohydride ṣe

Sodium borohydride jẹ́ èròjà bí iyọ̀ tó ń tú hydrogen sílẹ̀ nínú omi. Poro àti awọ kan náà ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wá ti yí padà: gáàsì tó ń jáde ni epo yín, kò gbọdọ̀ jò síbì kankan. Ẹ fi ike líle bo ẹ̀yìn awọ pátápátá, kí ọ̀nà kan ṣoṣo wà tó lọ sí sẹ́ẹ̀lì. Omi ibẹ̀ ní agbára sódà, torí náà ẹ má lo awọ PVDF (irú ike mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe awọ), sódà á jẹ ẹ́, á sì pọ́n. PTFE kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń pa ohun ìyagáàsì irú èyí ni borate, èròjà tó ṣẹ́kù nínú omi lẹ́yìn tí hydrogen ti jáde. Nígbà tó ṣì gbóná, ó wà nínú omi; tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tó tutù, á dì bí iyọ̀ sínú poro àti sójú awọ. Kí ẹ tó pa á, ẹ fi omi gbígbóná tí kò ní nǹkan kan nínú ṣan án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì gbóná.